Kọńdẹ́ńsà Tí Bàbá Kò Dè

Iṣẹ́ rewáyà ò dáa! Iná ọkọ̀ ará gbogbo lèèyàn máa ń tún ṣe, tara ẹni ló ń kẹ́yìn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi tún wáyà ọkọ̀ àdúgbò ṣe, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ àtijọ́ tirẹ̀ bá ti ń bọ̀ báyìí, gbogbo rédíò ìtòsí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń yan àgbàdo. Àwọn mẹkáníìkì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Rewáyà, a-tún-tẹlòmíì-ṣe!" Bàbá a rẹ́rìn-ín, a ní òun ń bọ̀ wá de kọńdẹ́ńsà sí i. Kò dè é títí ó fi kú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló jogún ṣọ́ọ̀bù, àpótí irinṣẹ́ àti ọkọ̀ náà. Ó jogún orúkọ pẹ̀lú, nítorí Rewáyà ni wọ́n ń pe òun náà báyìí. Ó kó padà sílé kí Màmá má baà dá wà. Màmá ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, àní lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọmọ rẹ̀.

"Máa wa ọkọ̀ bàbá rẹ lọ síbi iṣẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kó dúró kó dípẹtà."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ojoojúmọ́ tí Rewáyà bá wọlé nírọ̀lẹ́, omi á ti wà lórí iná, kò sì ní pẹ́ tí Màmá á fi gbé e sí báluwẹ̀ ní gbígbóná. Gbígbóná wo? Omi tí wọ́n fi ń bó adìyẹ ni! Láti kékeré ni kò ti fẹ́ràn omi tó gbóná bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá ẹni pé omi tó gbé kaná fún un ti gbóná jù? Á rọra bu omi tútù là á, á wẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn pé ìyá òun ń tọ́jú òun.

Rédíò nìkan ló ń bà á lọ́kàn jẹ́. Nírọ̀lẹ́, Màmá máa ń jókòó ti rédíò kékeré orí tábìlì, ó ń gbọ́ ìròyìn. Bí ọkọ̀ bá ti yà wọ òpópónà wọn, kẹ̀rẹ̀rẹ̀! "Ó tún ti ké," ni Màmá á wí bó bá wọlé. Létí Rewáyà, ẹjọ́ ni Màmá ń rò. Ojú sì tì í. Ọmọ rewáyà, rewáyà fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò lè gbọ́ ìròyìn já geere!

Lọ́jọ́ kan tó ń tú àpótí Bàbá, ó rí kọńdẹ́ńsà tuntun kan, agolo kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ní wáyà ẹyọ kan lẹ́nu. Òun ni wọ́n ń dè mọ́ ìdí kọ́ìlì tó ń fi iná fún púlọ́ọ̀gì, kí iná ọkọ̀ má baà máa da rédíò láàmú. Bébà tí Bàbá fi wé e ti pọ́n.

"Áà, Bàbá," ó ní, "ẹ ti rà á tán, ẹ ò kàn ráyè ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ni yóò bá a parí rẹ̀.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà bátìrì. Ó ha ọ̀dà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì títí irin fi ń dán, nítorí ara agolo náà gbọ́dọ̀ kan irin gan-an, ó sì dè é síbẹ̀. Ó wá de wáyà rẹ̀ mọ́ ẹnu kọ́ìlì tí iná ń ti kọ́kọ́rọ́ wọ̀. Bàbá ti kìlọ̀ fún un tipẹ́: bó bá ṣì í dè sí ẹnu kejì, iná púlọ́ọ̀gì á rọ, ọkọ̀ á máa wúkọ́. Kò ṣì í. Nígbà tó dá wáyà bátìrì padà, tó sì ṣíná sí ọkọ̀, rédíò inú rẹ̀ dá ṣáká. Inú rẹ̀ dùn, ó wakọ̀ lọ sílé.

Kò sí omi lórí iná. Màmá jókòó ti rédíò, ẹni tó ń ka ìròyìn ń sọ̀rọ̀ geere.

"Màmá, ẹ kú ilé o! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe dákẹ́?"

Màmá fò dìde. "Kí lo fi dé?"

"Ọkọ̀ ni, mà."

"Irọ́ ni. N ò gbọ́ ọ."

"Mo ti tún un ṣe ni, mà. Kọńdẹ́ńsà tí Bàbá rà ni, èyí tí wọn ò ráyè dè."

"Ta ló ní kò ráyè? Èmi ni mo ní kó má dè é! Mo ní bí kò bá ké mọ́, báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ó ti yà wọlé, kí n gbé omi rẹ̀ kaná?" Ó jókòó padà. "Mo mọ̀ pé ó ti kú. Orí mi ò dàrú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó bá ti ké títí wàá fi ṣílẹ̀kùn, òun ló ń bọ̀."

Màmá wá sunkún. Ẹkún oṣù mẹ́rin tí Bàbá ti kú ló sun.

Omi yẹn kò fìgbà kan jẹ́ ti Rewáyà. Ó dùn ún gan-an, ojú sì tún tì í pé ó dun òun. Ó mú sípánà, ó jáde, ó tú kọńdẹ́ńsà náà kúrò lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń yà wọ òpópónà, rédíò ọkọ̀ ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ó páàkì síwájú ilé, kò pa ọkọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè retí Bàbá dáadáa. Nígbà tó wá ṣílẹ̀kùn, Màmá dúró nídìí sítóòfù, omi wà lórí iná.

"Mo gbọ́ ọ," Màmá ní. "Mo dìde, mo gbé omi kaná. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo mọ̀ pé ó ń bọ̀."

Màmá ti ìka bọ omi náà wò.

"Ọmọ mi, báwo nìwọ ṣe ń fẹ́ tìrẹ?"

"Kó ṣáà lọ́ wọ́ọ́wọ́, mà."

Màmá nawọ́, ó pa sítóòfù.