Ọdún tí Òkun Wọ Pálọ̀ Ìyá Tẹniọlá

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé rárá ni bàbá mi, Boniface Ògúnrẹ̀mí, ti máa ń kó wa lọ sí etí òkun lẹ́yìn Kérésì. Ọ̀wọ̀ là ń gbé, òkun sì jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Àwọn ará àdúgbò wa a máa lọ sí oko wọn ní Iyere, tàbí kí wọ́n lọ kí ẹbí ní Uso, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì padà sílé. Àwa a gba Oǹdó, a gba Ọ̀rẹ̀, a gba Òkìtìpupa dé Ìgbókọ̀dá, a ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, títí a ó fi dé abúlé kan nílẹ̀ Ìlàjẹ tí ìyá mi ò fẹ́ràn rí.

Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ṣe. Kí wọ́n tó bí mi, wọ́n gbé e lọ sí Ìgbókọ̀dá, ibẹ̀ ló ti bá apẹja kan tó ń jẹ́ Sàlàkọ́ dọ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí Ọ̀wọ̀, ó ní òun ò lè torí tíránsífá já ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Sàlàkọ́ kú nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀ẹ́bí, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tẹniọlá, ò yí nǹkan kan padà. Yàrá wa ṣì ni yàrá wa. Èdè Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi fi ń bá a sọ̀rọ̀, èdè Ìlàjẹ ni òun fi ń dá a lóhùn. Èyí tí kò bá yé wọn níbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rín gbè é.

Ìyá mi, Monica, ní tirẹ̀, a máa di ẹrù bí ẹni ń re ojú ogun: iṣu, ìkòkò, omi mímu, àti iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Akínjídé, bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Màmi, ẹ ń gbé iyọ̀ lọ sí òkun?"

Ó ní, "Iyọ̀ tibẹ̀ yẹn, mi ò mọ ẹni tó ti wẹ̀ nínú ẹ̀."

Tó bá débẹ̀, á gbé àpótí síbi òjìji ilé, á kọ ẹ̀yìn sí òkun, á máa ṣa ẹ̀wà. Bàbá mi á ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, á wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀, á sì nawọ́ síwájú: "Òkun rèé." Ọdọọdún ló ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn rí.

Akínjídé ní òun lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ nígbà kan. Ohun tí èmi rántí ni pé ìgbì gbé e, ó dá a padà, ó sì gba ṣòkòtò rẹ̀. Màmi ní irọ́ ni àwa méjèèjì ń pa, pé èmi ni ìgbì gbé, Akínjídé ló sunkún. A ti jiyàn yìí títí ó fi di ara ìsinmi náà.

Ní Kérésì tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí, bàbá mi pe Ìyá Tẹniọlá lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé àyè wà?"

"Ẹ máa bọ̀. Àyè wà, ó kàn dín díẹ̀ ni."

Bàbá mi sọ fún wa pé ó jọ pé obìnrin náà ní àlejò mìíràn.

Mùnírù, ọlọ́kọ̀ ojú omi tó máa ń gbé wa láti Ìgbókọ̀dá, ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hàn wá. Ó dín eré kù láàárín omi, ó nawọ́. "Èbúté nìyẹn." A wò ó. Omi ni. Ó tún nawọ́. "Iléèwé nìyẹn." Omi ni.

Màmi ní, "Àwọn ọmọ iléèwé ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní họlidé," ni Mùnírù wí.

Ilé Ìyá Tẹniọlá ṣì dúró, ìyẹn èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Fàráńdà ti lọ. Obìnrin náà jáde sẹ́nu ọ̀nà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó gba àpò lọ́wọ́ Màmi. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má jókòó sápá ibẹ̀ yẹn. Òkun máa ń wá síbẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́."

Bàbá mi dúpẹ́, ó lọ jókòó sápá kejì.

Ìyá Tẹniọlá ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè débi pé ẹni tó bá fẹ́ sùn ní láti gun àpótí. Ó gbé púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀ fún wa. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọlé.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀," ni Ìyá Tẹniọlá wí. "Kì í pẹ́."

Gbogbo wa gbẹ́sẹ̀ sókè. Sálúbàtà Akínjídé kan léfòó kọjá lábẹ́ tábìlì. Bàbá mi bu òkèlè mìíràn, ó ní ọbẹ̀ náà dùn.

Màmi ni kò jẹun mọ́. "Ìyá Tẹniọlá, ẹ ò lè máa gbé ibí."

"Mo ń gbé e."

"Ẹ jẹ́ ká dẹrù yín. Ẹ bá wa lọ."

"Àlejò kì í kó onílé lọ."

"Òkun ló ń kó yín lọ yìí. Àwa kàn fẹ́ ṣíwájú rẹ̀ ni."

Ìyá Tẹniọlá mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá omi síta. Ó ní, "Bàbá Tẹniọlá wà lẹ́yìnkùlé. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Gbogbo wa la mọ ibojì Sàlàkọ́. Símẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, bàbá mi sì máa ń lọ kí i tí a bá ti dé. Ó fọwọ́, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A tẹ̀lé e. Kò sí ẹ̀yìnkùlé. Láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ibi tí ojú ò tó, omi ni.

"Níbo?" ni bàbá mi bèèrè.

Ìyá Tẹniọlá nawọ́. Níbi tó nawọ́ sí, ọkọ̀ kékeré kan ń kọjá lọ, àwọn obìnrin méjì ń tàkúrọ̀sọ nínú rẹ̀.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó wá ní, "Sàlàkọ́, Boniface ni. Mo fẹ́ mú ìyàwó rẹ lọ sí Ọ̀wọ̀." Ó fetí sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. "Èmi àti Monica ni," ló fi kún un.

"Ẹ jẹ́ kó yé e dáadáa," ni Màmi wí lẹ́yìn wa.

Ìyá Tẹniọlá fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Ìsinmi ni o. Ẹ ti ń ṣe tiyín lọ́dọ̀ mi látọdúnmọ́dún, ó kàn mí. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sá."

"Ta ló sá?" ni Màmi dáhùn. Ó ti ń tú aṣọ fèrèsé.

Nígbà tí à ń lọ, Ìyá Tẹniọlá ti ilẹ̀kùn iwájú pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sáyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ẹ̀gbẹ́ kan ò sí mọ́. Bàbá mi fa ilẹ̀kùn náà wò bóyá ó tì dáadáa.

Ní Ọ̀wọ̀, bàbá mi ṣètò ìsinmi fún un bó ṣe yẹ. Ó mú un lọ sí oko ní Iyere. Lójú ọ̀nà, ó fi òkúta ńlá kan hàn án. Ìyá Tẹniọlá gbé ọwọ́ lé e. "Èyí ò kúrò níbí rí?"

"Kò kúrò rí."

"Ó dáa." Ó jókòó tì í, ó pẹ́ kó tó dìde.

Oorun ni kò kùn ún. Ó ní ilẹ̀ wa dákẹ́ jù, bí ẹni tó ń bínú. Akínjídé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Pólì, gbé fáànù àtijọ́ kan wá láti ọ́fíìsì rẹ̀, èyí tó ń hó bí òjò. Ìyá Tẹniọlá sùn. Tí wọ́n bá ti múná lọ, á jí, á bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹja inú adágún tí wọ́n ń sìn ní Isuada, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Eléyìí ò rìnrìn-àjò rí." Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ Pólì àti àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yà lẹ́nu ọ̀nà wa ra ẹja yíyan. Tí wọ́n bá bi í pé níbo ló ti wá, á ní òun wà ní ìsinmi.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Mùnírù pe bàbá mi pé ilé náà ti lọ. Bàbá mi rìn yí ilé po, ó wá lọ dúró ti Ìyá Tẹniọlá níbi tó ti ń yan ẹja. Kò mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀.

Obìnrin náà ò gbójú sókè. "Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Mùnírù ní òun rí i lórí omi. Ó ní ó ṣì wà ní títì."

Ó mi orí, ó yí ẹja padà kó má baà jóná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó sunkún dáadáa. Màmi ò sọ pé kó dákẹ́. Ó gbé àwo ẹ̀wà sáàárín wọn, wọ́n jọ ń ṣà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn Kérésì tó kọjá, a ò lọ síbì kankan. Tẹniọlá ló wá bá wa láti Wàrì, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ìyá rẹ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu géètì wa, ó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, ó ní yàrá wọn ti wà ní sẹpẹ́. Yàrá tèmi ni.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà bi bàbá mi pé kí ló wà níbí tí èèyàn lè lọ wò.

Bàbá mi rò ó. Ó ní ọjà wà, oko wà, ọ̀nà Ìkàrẹ́ náà wà.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ sùn ná. Bàbá mi ní ìyẹn náà dáa, ó sì lọ wá ẹní.