Bátìrì Tí Ọ̀ṣúndáre Sá Sóòrùn

Ẹni tó bá fẹ́ bá Ọ̀ṣúndáre jiyàn lórí bátìrì rédíò, kó yáa wá ibi jókòó sí, nítorí ilẹ̀ á ṣú kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Ọkùnrin náà ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọmọ ìlú Ara ni, inú oko ni wọ́n bí i sí, ilé olóòṣà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bí bátìrì rédíò bàbá rẹ̀ bá ti kú nígbà náà, òun ni wọ́n máa ń rán pé kó lọ sá a sórí páànù. Bó bá di ọ̀sán, á kó wọn sọ̀kalẹ̀, á gbá wọn mọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, rédíò á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tó fojú ara rẹ̀ rí nìyẹn, kò sì sí ọ̀mọ̀wé kankan tó lè gbà á lọ́kàn rẹ̀.

Ilé akẹ́kọ̀ọ́ alájà mẹ́ta kan tí wọ́n ń kọ́ lójú ọ̀nà Awo, ní Ẹdẹ, ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Òun ló ń po kọnkéré. Bùràímọ̀ ni fọ́ọ̀mánù wọn, ọkùnrin gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi igi ṣọ́bìrì gbá bíríkìlà kan lẹ́nu nítorí ògiri tó wọ́, eyín méjì sì já bọ́ sínú kọnkéré. Wọ́n da kọnkéré náà ti òun ti eyín inú rẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

Bùràímọ̀ ló ni rédíò tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú dírììlì méjì. Rédíò ńlá ni, dúdú, wọ́n fi irin yí i ká débi pé bó bá já bọ́ látorí àkàbà, kò ní fọ́. Bátìrì dírììlì ni wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iná bá wà, tí wọ́n sì ki wáyà rẹ̀ bọ iná, á máa sọ̀rọ̀, á sì tún máa ṣáàjì bátìrì náà. Bí kò bá sí iná, agbára bátìrì náà ni yóò máa lò.

Usamah, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwáyà wọn, ni Bùràímọ̀ ní kó máa ṣọ́ ọ. Ọmọ agboolé ńlá kan láàárín ìlú ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wí i: ẹ má da nǹkan bo rédíò yìí bó bá ń ṣáàjì, kó má baà gbóná jù, ẹ má fi ọwọ́ tútù kan wáyà rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò níná kí ẹ tó rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Bátìrì tó bá ti já bọ́ látòkè, tàbí tí òjò bá ti pa, á sin ín sínú iyanrìn nínú garawa kan lẹ́yìn àgọ́ irinṣẹ́. Ó ní òkú ni, kò gbọdọ̀ padà dé ara rédíò mọ́. Méjì ti wà nínú garawa náà, Ọ̀ṣúndáre a sì máa wò wọ́n, inú a máa bí i. Bátìrì tí kò tíì lo ọdún kan, tí ọmọ àná fi wá ń sin ín bí ẹni sin òkú.

Lọ́jọ́ Ajé, ìròyìn aago kan ọ̀sán ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò ṣàdédé dákẹ́. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ kó lè sinmi, bátìrì tó wà lẹ́yìn rédíò sì ti tán. Ọ̀ṣúndáre kò lè fara da kí wọ́n gé ìròyìn mọ́ òun létí. Ó lọ sídìí garawa, ó wú bátìrì kan jáde, ó sì gbọ̀nà ilé ìwẹ̀ onípáànù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò, ó fẹ́ lọ sá a sórí rẹ̀.

Usamah sáré bá a. Ó já bátìrì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé èékánná rẹ̀ ha àgbà ọkùnrin náà lẹ́yìn ọwọ́.

"Bàbá, mo ti sọ fún yín. Bátìrì yìí kì í ṣe ti tọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn, iná ló máa dà."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Tó bá bú gbàù, kò ní mọ̀ pé àgbà ni yín."

Àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọ̀ṣúndáre fọ́ Usamah létí, ó tún fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ sì yọ létè ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Usamah kò gbọ́wọ́ sókè. Àmọ́ kò gbójú sílẹ̀ pẹ̀lú, ó kàn dúró, ó ń wò ó.

"Ojú tó o fi ń wò mí yẹn," Ọ̀ṣúndáre wí, "ojú yẹn á fọ́."

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ bí inú bá ń bí wọn ni. Ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ tó da omi nù. Kò sẹ́ni tó kà á sí, iṣẹ́ sì ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀ṣúndáre dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn. Ó kó òkú bátìrì méjèèjì jáde, ó fi ọwọ́ gbọn iyanrìn ara wọn dànù, ó sì gun àkàbà lọ tẹ́ wọn sórí páànù ilé ìwẹ̀, níbi tí oòrùn ti máa ń mú jù. Kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ló fẹ́ kí ojú tì.

Nígbà tí ìrun àìlà tó, Usamah àti àwọn Mùsùlùmí yòókù kọjá sí mọ́sáláṣí tó wà ní òdìkejì títì. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, rédíò wà nínú àgọ́ irinṣẹ́, wáyà rẹ̀ wà níná. Ọ̀ṣúndáre gbé bátìrì kan sọ̀kalẹ̀. Ó gbóná débi pé ńṣe ló ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì, ikùn rẹ̀ sì ti yọ díẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé agbára ló kún inú rẹ̀. Ó gbá a mọ́ búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ bátìrì tó wà lẹ́yìn rédíò, ó sì fi ipá ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Iná pupa kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Usamah bá dé, tó rí iná pupa yẹn, á yọ ọ́ dànù. Ó fa àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo méjì, ó dà wọ́n bo rédíò náà mọ́lẹ̀, ó sì jáde lọ fọ ẹsẹ̀ kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀.

Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú àgọ́. Roqeeb, àbúrò Bùràímọ̀ tó ń lẹ táìsì, ni ibà ti dá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àwọn pákó láti àárọ̀.

Ariwo àkọ́kọ́ tó jáde jẹ́ fífọn, ó fọn gan-an, èéfín funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde. Lẹ́yìn náà ló bú gbàù. Iná ràn mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì, ó ràn mọ́ garawa ọ̀dà, kí Ọ̀ṣúndáre tó sọ kẹ́tùlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo àgọ́ náà ti di iná. Roqeeb fi orí gba àárín rẹ̀ jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jó lára rẹ̀. Ó ń sáré kiri, ó ń ké, awọ apá rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀.

Usamah ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti mọ́sáláṣí. Ó fi ara rẹ̀ gbá a ṣubú sínú iyanrìn, ó yí i síwá-sẹ́yìn títí iná fi kú, lẹ́yìn náà ló fò dìde lọ pa jẹnẹrétọ̀. Wọ́n gbé Roqeeb sórí ọ̀kadà láàárín ènìyàn méjì, wọ́n sáré gbé e lọ sọ́sípítù. Igbe rẹ̀ ṣì ń dún títí wọ́n fi yà sí títì.

Bùràímọ̀ dúró, ó ń wo ibi tí awọ ara àbúrò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iyanrìn.

"Ta ló ń ṣọ́ rédíò?"

Gbogbo ojú yí sí Usamah.

"Ọ̀gá, mi ò fi nǹkan kan sí i. Mọ́sáláṣí la jọ wà."

Bùràímọ̀ mú irin kan nínú èyí tí wọ́n fẹ́ fi gbé òpó dúró. Ó sọ ọ́ mọ́ ọn léjìká, egungun ibẹ̀ sì dún. Usamah kúnlẹ̀. Èkejì bà á lójú ọ̀tún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ Roqeeb kó pákó, wọ́n dà lé e lórí. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta kan nítòsí dé, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ní olè ni, ó fẹ́ jí dírììlì ló ṣe dáná sun àgọ́, àwọn yẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹlòmíràn lọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ wá.

Ọ̀ṣúndáre dúró síbi tó wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ó ti mọ̀ pé bátìrì òun ni látìgbà tí fífọn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù tí kò bà á rí láti ìgbà tó ti dáyé. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa pa. Bó bá dákẹ́, ọmọ yìí ni.

Usamah gbé orí sókè, ó ń wá ojú àgbà kan láàárín wọn. Ojú rẹ̀ tó ṣì ń ríran bà lé Ọ̀ṣúndáre.

"Bàbá," ó wí, "ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ọ̀ṣúndáre sún mọ́ wọn. "Ẹ má pa á, ọmọdé ni," ó wí. Ó mọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni òun sọ, ìdajì tí kò wúlò.

"Bàbá, ẹ yẹ̀ lọ́nà," Bùràímọ̀ dáhùn.

Wọ́n da epo sí Usamah lórí. Ó wọ ojú rẹ̀ tó ti bẹ́, igbe tó ké sì ju ti Roqeeb lọ. Ẹnì kan ń wá ìṣáná nínú àpò rẹ̀.

"Èmi ni," Ọ̀ṣúndáre wí. "Èmi ni mo sá bátìrì sóòrùn. Èmi ni mo tì í bọ rédíò, tí mo da àpò bò ó. Bùràímọ̀, èmi ni."

Bùràímọ̀ kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Mo mọ̀ pé àánú rẹ̀ ń ṣe yín, Bàbá. Ẹ má tìtorí rẹ̀ parọ́."

Ewú orí rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọn kò fi gbà á gbọ́. Ọ̀ṣúndáre yí padà, ó sá eré tí kò sá láti ogún ọdún sẹ́yìn, ó gun àkàbà ilé ìwẹ̀, ó mú bátìrì kejì. Ó jó o lọ́wọ́. Ó gbé e mọ́ àyà, ó fi èjìká ya àwọn ènìyàn, ó sì nà án síwájú Bùràímọ̀.

"Ìkejì rẹ̀ rèé. Fọwọ́ kàn án."

Bùràímọ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. Ó wo bátìrì tó wú náà, ó wo ojú àgbà ọkùnrin náà. Ariwo rọlẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ tí bátìrì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn.

Usamah ló sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. "Bàbá, ẹ gbé e lọ jìnnà. Epo wà lára mi. Ẹ jù ú sínú iyanrìn, ẹ má dì í mú."

Gbogbo ènìyàn tú ká. Ọ̀ṣúndáre gbé e sáré lọ sídìí òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́bàá ọgbà, èéfín ti ń jáde lára rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ tì í wọlẹ̀ ló bú gbàù. Iná bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi ọwọ́ òsì kó iyanrìn bo bátìrì náà kó tó kó iyanrìn bo ara rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń wá ìṣáná kò wá a mọ́. Bùràímọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú irin, Ọ̀ṣúndáre rí i pé ó ń bọ̀, kò sì yẹ̀ ẹ́. Irin náà dá apá òsì rẹ̀ sí méjì. Bùràímọ̀ tún gbé e sókè, ó wo Usamah tó ń gbọ̀n nínú epo, irin náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń sunkún títí àwọn ọlọ́pàá fi dé bá a níbẹ̀.

Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n kó Roqeeb, Usamah àti Ọ̀ṣúndáre sí. Roqeeb kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní lẹ táìsì mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà sọ fún Sàrátù, ìyá Usamah, pé ojú ọ̀tún ọmọ rẹ̀ ti lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ọ̀ṣúndáre gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Nígbà tí Sàrátù jáde lọ ra oògùn, Ọ̀ṣúndáre dìde. Kò ní ọwọ́ tó lè fi ti ara rẹ̀, nítorí náà ó fi orúnkún sọ̀kalẹ̀, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, àgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó dárí ji òun.

"Ẹ dìde, Bàbá," Usamah wí. "Ilẹ̀ tutù."

Kò mẹ́nu ba èpè ọjọ́ Ajé rárá. Ká ní ó mẹ́nu bà á ni, ì bá sàn fún Ọ̀ṣúndáre. Ó kàn yí ojú kan tó kù sí i, ó ń wò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ tí àgbà náà fọ́ ọ létí. Ọ̀ṣúndáre ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀.