Aṣọ Funfun Nínú Omi Kameni

Thira, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni ìlú ìyá mi. Ilẹ̀-ríri ló lé e kúrò níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, kò sì padà títí ó fi kú. Nítorí náà, nígbà tí Anestis ń fẹ́ mi sọ́nà ní ìlú Volos, ó ṣe ìlérí kan fún mi: òun kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ erékùṣù náà láìsí èmi. Ìlérí yìí ni mo gbé lọ́wọ́ ju òrùka ìgbéyàwó lọ.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí a tó rí àyè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a rìn ní etí bèbè Fira, olú ìlú erékùṣù náà, mo sì nawọ́ sí abúlé ìyá mi lókèèrè, bí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ń di ẹrù tí a óò gbé wọ ọkọ̀ ojú omi.

"Mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dúdú," Anestis wí. "Fi funfun yẹn sílẹ̀."

"Funfun ló yẹ mí."

"Mo mọ̀, ọbabìnrin mi. Ṣáà mú dúdú."

Ọkọ kì í yan aṣọ fún mi. Funfun ni mo wọ̀.

Kápúteni Argiris gbé wa lọ sí Palia Kameni, àpáta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tì jáde láti inú òkun. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí imí ọjọ́. Bàbá náà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màdáámú, ṣé aṣọ yẹn ti sú yín ni? Omi yìí máa sọ ọ́ di irin tó dógùn-ún o!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ dà. Aṣọ kan ò lè pa mí lẹ́kún."

"Háà! Ẹnu yín mú ju ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja lọ! Ọ̀gá, ẹ ò kìlọ̀ fún wọn ni?"

"Mo kìlọ̀ o," Anestis dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Oríkunkun ni wọ́n bí mọ́ ọn."

Mo bẹ́ sómi. Nígbà tí mo gun àkàbà padà, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ti gba aṣọ náà láti àyà dé ìbàdí. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Mo mọ àwọ̀ yẹn. Ní ìgbà ooru tó kọjá, Domna àbúrò mi gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ funfun kan wá sílé mi; ó ní òun fara kan irin tó dógùn-ún létíkun. Èmi ni mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Anestis, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti erékùṣù Kreti dé, níbi tó ní iṣẹ́ gbé òun lọ, dúró tì mí. "Fi sílẹ̀," ló wí, "kò ní lọ."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Anestis, ọ̀dọ̀ ta lo ti mọ̀, kí a tó wọkọ̀, pé omi yìí ń ba funfun jẹ́?"

"Ta ni ò mọ̀?"

"Èmi tí ìyá mi jẹ́ ọmọ ibí, n kò mọ̀ títí di òní." Mo nu ojú mi. "Ṣé Domna gbádùn omi náà?"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó wo òkun, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kaliroi, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká délé ná."

"A ti délé. Ilé ìyá mi nìyí."

Ọkọ̀ dúró lábẹ́ Ia, ìlú orí àpáta, kí èrò lè wo ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí oòrùn rì, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo ti pààrọ̀ aṣọ. Mo gbé èyí tó tutù náà lé Anestis lórí itan.

"Bá mi gbé e fún Domna. Sọ fún un pé èyí, èmi kọ́ ni n ó fọ̀ ọ́."

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí èbúté, ó na ọwọ́ láti fà mí sókè. Ọwọ́ Kápúteni Argiris ni mo dì mú. Mo sì gba ọ̀nà abúlé ìyá mi lọ, èmi nìkan.