Ìtẹríba Ajarat

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí kò mọ nǹkan kan tó sì mọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wá wo Alhaji Ṣùáíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò mi. Páàtì mọ́tò ló ń tà ní Owódé Onírin. Láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé lọ́dún 2004, ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ kí i ti di kèfèrí lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó", ẹ ní sùúrù.

Ajarat, àbúrò mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jà Mile 12, ó ń ṣa àlùbọ́sà tó dà sílẹ̀, ni odindi àpò kan bá já láti orí tírélà, ó bà á lẹ́yìn ọrùn. Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú bí ẹni tó ru ìkòkò omi, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù.

Nígbà tí dókítà wo fọ́tò egungun rẹ̀, ẹnu yà á. Egungun ọrùn kan ti yẹ̀ kúrò lórí èkejì. Ó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́, pé ẹni tó bá ń rìn bíi ti Ajarat wọ́n bí ojú. Ó fi kọ́là líle dè é lọ́rùn, ó ní kó dùbúlẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

"Kò gbọdọ̀ tẹ ọrùn yìí o," ó ní. "Bó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn."

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí Alhaji fi dé. Ajarat kí i lórí ìdùbúlẹ̀. Alhaji wo ọ̀tún, ó wo òsì, àfi bí ẹni pé àga ló kí i.

"Mojeed," ó sọ fún àbúrò rẹ̀, ọkọ Ajarat, "ṣé bí ìyàwó ẹ ṣe ń kí èèyàn nìyí? Lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú, dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ ọrùn."

"Tàwàkálítù," ó kọjú sí mi, "ṣé dókítà ló fẹ́ àbúrò ẹ sílé ni? Kí lẹ tiẹ̀ so mọ́ ọn lọ́rùn yìí bí ajá? Ball joint lásán ló yẹ̀, bíi ti ẹsẹ̀ mọ́tò. Ojoojúmọ́ là ń gbá a wọlé ní Owódé. Ọlọ́rùn líle ni, kò sí nǹkan tó ṣe é."

Mojeed ń họ orí. Ọkùnrin yẹpẹrẹ! "Ajarat, jọ̀ọ́, ṣáà kí wọn," ló rí sọ, ó sì tú kọ́là náà.

Mo di Ajarat mú, ó yọ ọwọ́ mi kúrò. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, a kì í jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tẹríba.

Mo gbọ́ ìró kékeré kan. Ó dojú bolẹ̀, iwájú orí rẹ̀ bà lé bàtà Alhaji. Inú Alhaji dùn.

"Ó tó, ó tó," ó ní. "Dìde. Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn."

Kò dìde. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n padà ṣe kò gbé e dìde.

Yàrá mi ní Ìkòsí ló wà báyìí, àjà ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹnu nìkan ló kù fún un. Mojeed ti fẹ́ ẹlòmíràn, obìnrin tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n ní.

Alhaji máa ń gbé ọsàn wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ajarat kò lè rí i, kì í sì í dá a lóhùn. Àfi kó wá síbi bẹ́ẹ̀dì, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ojú rẹ̀ títí fìlà rẹ̀ yóò fi jábọ́.

"Ajarat, ara ńkọ́?"

"Ẹ tẹríba sí i, Alhaji," àbúrò mi á wí. "Mi ò tíì rí yín."