Ká Dín Ẹran

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ oúnjẹ sè bí ẹní mowó, ẹ wá wo ìyá mi ní ilé-iṣẹ́ tó ti ń dáná fún igba òṣìṣẹ́. Bàbá mi, jórinjórin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Irin-Kì-í-Tẹ̀, kò bẹ̀rù iná, ṣùgbọ́n ó ń sá fún abẹ́rẹ́. Ìyá mi ló fà á lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí àìsàn ọkàn ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́mọ ọdún méjìléláàádọ́ta, òun náà sì ti pé mọ́kànléláàádọ́ta.

Bàbá mi nìkan ló lọ gba èsì. Ó dé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ọ̀rá pọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ òun, nọ́ọ̀sì sì ní ká máa dín ẹran ọlọ́ràá. Ó ya ìyá mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rò pé bóyá dídín ló ń yọ́ ọ̀rá dànù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dín ẹran, tí bàbá mi ń lá ìka.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ọ̀rá ti gòkè sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti ìyá mi bá a lọ. Ìyá mi ṣàlàyé bí òun ṣe ń dín ẹran náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

“Mo ní kí ẹ dín in kù ni, mà,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Mi ò ní kí ẹ dín in lépo.”

Bàbá mi ń wo bàtà rẹ̀. Ó ti yé e láti ọjọ́ kìn-ín-ní. “Kù” yẹn ló gbé mì lójú ọ̀nà.

Èmi ì bá pariwo. Ìyá mi ò pariwo. Ó jókòó ti nọ́ọ̀sì, ó béèrè, ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí á máa bó awọ adìẹ kúrò, kí ẹja àti ẹ̀wà rọ́pò ẹran ọlọ́ràá, kí á máa fi ṣíbí wọn òróró. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, igba òṣìṣẹ́ ti ń jẹ oúnjẹ tuntun, ẹnikẹ́ni ò ráhùn. Mo júbà ọwọ́ obìnrin náà.

Ilé wa nìkan ni ìjà kù sí. Bàbá mi ti àwo ẹja sẹ́yìn, ó ní ẹran òun dà. Ìyá mi pa iná ìdáná, ó jókòó síwájú rẹ̀.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń se oúnjẹ yín,” ló wí. “Mi ò ní se oúnjẹ ìsìnkú yín.”

Omi ti lé ròrò sí i lójú. Bàbá mi wò ó títí, ó fa àwo náà mọ́ra. Òun tí kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Kí ni kí n tún máa jẹ?”