Ẹni Tó Ń Ka Mítà

Gíà ọ̀tómátíìkì nìkan ni Bàbá Gíà ń tún ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé mọ́tò tí bírékì rẹ̀ ń han wá, á ní kó lọ bá aládùúgbò òun, nítorí ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo. Láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a jókòó sínú mọ́tò tó bá fẹ́ dán wò lójú ọ̀nà. Ọkọ á máa wa mọ́tò, ìyàwó á gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wáyà lé itan, á máa fi ohùn líle ka nọ́ńbà tó bá hàn, bí ẹni tó ń bá nọ́ńbà jà. Kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àmọ́ nígbà tó yá, kò sí gíà tó lè purọ́ fún un mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun bí ìbejì, ìyàwó sì di ẹrù, ó lọ ràn án lọ́wọ́. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Àwọn ìbejì ti ń sáré káàkiri báyìí, ìyàwó ò tíì dé. Wọn ò jà, wọn ò ta. Iṣẹ́ ọmọ ni kò tán. Bàbá Gíà ò sì sọ nǹkan kan. Ó ń se ìrẹsì ìkòkò kan, á máa jẹ ẹ́ títí á fi fẹ́ẹ̀ kan. Kì í tètè ti ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí kò sí ohun tó ń sáré lọ bá nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan wa mọ́tò rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò náà ń wọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Àwọn arúgbó tí wọn ò lè dìde ni obìnrin yìí máa ń lọ tọ́jú láti ilé dé ilé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Bó ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, á kàn já mi síwájú lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fi eré hàn á wálẹ̀ sí òdo, gíà á sì há sójú kan. Tí mo bá pa á, tí mo tún un tàn, ara rẹ̀ á yá. Kò ní pẹ́ tó fi máa tún ṣe é."

"Ta ló ti fọwọ́ kàn án?"

"Mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré. Àrùn ò lọ. Mẹkáníìkì náà wá ní gbogbo gíà ni kí n yọ dànù. Mo ní, tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ni mò ń yọ ọkàn rẹ̀, ta ni ì bá ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́?"

Bàbá Gíà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn òróró gíà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Òróró náà pupa, kò jóná. "Gíà yìí ò kú o," ló wí. "Ó jọ pé ìròyìn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí táyà ṣe ń yí ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń kà, òun ló sì ń fi wáyà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó ń yan gíà. Tí kọ̀ǹpútà ò bá gbọ́ ọ mọ́, ẹ̀rù á bà á, á di gíà kan mú, kò ní fi í sílẹ̀."

Ó ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ mọ́tò. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà tí ìròyìn eré ń gbà ni àrùn wà, àmọ́ kò sọ bóyá sẹ́ńsọ̀ ni tàbí wáyà. Ó fi mítà yẹ sẹ́ńsọ̀ wò, ó dáa. Ó wo bóyá iná ń dé ibẹ̀, iná ń dé ibẹ̀. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó jẹ́ kí táyà máa yí lófìfo, nọ́ńbà eré ń gòkè létòlétò. Mọ́tò tó ń ya wèrè lójú ọ̀nà wá ń ṣe bí ọmọ gidi lórí jáàkì.

"Ó ku ojú ọ̀nà," ni Bàbá Gíà wí. Ó so wáyà gígùn mọ́ ẹnu sẹ́ńsọ̀, ó gba ojú fèrèsé fà á wọlé, ó so mítà mọ́ ọn kó lè máa fi nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ń rán jáde hàn, ó gbé e sórí àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Lẹ́yìn náà ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó dúró.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ, ó ti gbìyànjú láti dá irú iṣẹ́ yìí ṣe rí, ojú kan lójú ọ̀nà, ojú kan lára mítà. Díẹ̀ ló kù kó kó sí gọ́tà. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò tí àrùn rẹ̀ bá ti jẹ́ tojú ọ̀nà, ṣe ló ń dá a padà.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Mo nílò ẹni tó máa bá mi ka mítà."

"Ṣé ó le ju kíka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ ni?" Nọ́ọ̀sì ti wọnú mọ́tò, ó ti gbé mítà lé itan.

Wọ́n jáde. Ohùn tútù ló fi ń kà á, bí ẹni tí kò fẹ́ jí aláìsàn. "Ogún. Ọgbọ̀n. Ó ti di ogójì." Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, mọ́tò já síwájú, abẹ́rẹ́ eré wálẹ̀ sí òdo.

"Kí ni mítà wí?"

"Ogójì náà ni. Kò yí padà."

Bàbá Gíà rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "A jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ò ṣẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Ibi tó ń ránṣẹ́ sí ni wọn ò ti gbọ́ ọ."

"Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn arúgbó mi," ni nọ́ọ̀sì wí.

Bàbá Gíà sọ̀ kalẹ̀. Ó tú wáyà mítà, ó lọ so ó mọ́ ibi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ti wọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tún gba ọ̀nà náà padà. Bí mọ́tò ṣe já báyìí ni nọ́ọ̀sì wí pé, "Òdo." Ó wá hàn kedere pé àárín méjèèjì ni wáyà ti bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ bátìrì, ó ń fi ìka tọ wáyà náà lọ díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ irin tó gbé bátìrì dúró, awọ wáyà ti họ, bàbà inú rẹ̀ ti bu, ó ṣẹ́ku fọ́nrán kan tó ń fara kanra nígbà tí mọ́tò ò bá gbọ̀n, tó sì ń yà nígbà tí kòtò ọ̀nà bá mì í. Ó gé ibẹ̀ kúrò, ó fi léèdì jó wáyà tuntun sí i, ó bò ó dáadáa, ó sì dì í jìnnà sí irin náà. Wọ́n tún jáde lọ dán an wò. Gíà ń yí bí ẹni tó ń gbé omi mì.

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ máa lọ nígbà tó béèrè pé, "Ẹni tó ń bá yín kà á tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ni. Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ wa lókè òkun."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ò rí ẹni bá yín kà á?"

"Kò béèrè."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ sọ fún un?"

Bàbá Gíà fi àkísà nu ọwọ́ tó ti nù tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì dágbére, ó wa mọ́tò rẹ̀ jáde.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Gíà pe ìyàwó rẹ̀. Ariwo àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, ó ròyìn mọ́tò náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ wo abẹ́ bátìrì?" ni ìyàwó béèrè, kó tó parí.

"Ibẹ̀ náà ni."

"Mo mọ̀. Ta ló bá yín ka mítà?"

"Ẹni tó ni mọ́tò ni."

Ìyàwó ní, "Ó mọ̀ ọ́n kà?"

"Ó kà á. Ohùn rẹ̀ ló kàn tutù jù."

Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tún fóònù gbé sétí. "Ìyàwó, ilé yìí dákẹ́ jù fún mi."

Obìnrin náà ní, "Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ẹ ó ní kò sí wàhálà. Mo rò pé àìsí mi ti mọ́ yín lára ni."

"Kò mọ́ mi lára."

"Èmi náà, bí ilé ṣe kún tó níbí, èmi nìkan ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Ọmọ yín á ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ìbejì ò gbọ́ ìdajì ohun tí mò ń wí."

"Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

"Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ná. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní dúró gba àlàyé ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Màá máa retí rẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bú sẹ́kún. "Ẹ dúró, mò ń bọ̀," ni ìyàwó wí, ó sì gbé fóònù kalẹ̀ láìpa á.

Bàbá Gíà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé tí òun ò dé rí. Ó gbọ́ omi, ó gbọ́ tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò padà wá síbi fóònù mọ́, ó jọ pé ó ti gbàgbé. Ọkọ rẹ̀ náà ò pa á. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí, ó dùbúlẹ̀ tì í.