Sálúbàtà Abẹ́ Bẹ́ǹṣì Egya Otabil

Ìwọ tí ò ń kà á, bí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní ìkóríta yín bá ti ilẹ̀kùn, má yára sọ pé kò kàn ẹ́. Wo iwájú ilẹ̀kùn náà dáadáa. Wo abẹ́ ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tó o bá sì rí nǹkan, kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Araba Tawiah ò wo ẹ̀yìn tiẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ru igi ìdáná, ó ń lọ sídìí ààrò tó fi ń yan ẹja, ó sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà tí wọ́n ń pè ní Egya Otabil kọjá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù náà ti wà ní títì. Àgádágodo ẹnu ilẹ̀kùn ti ń dípẹtà. Bẹ́ǹṣì gbọọrọ iwájú rẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì gbé lọ. Abẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn ló ti rí sálúbàtà ẹsẹ̀ èèyàn méjì, wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n kọjú ẹ̀ sí ògiri. Okùn àwọ̀n aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi rán ọ̀kan níbi tó ti já. Araba fúnra ẹ̀ ló rán an. Ti Ekow ni, ọmọ ẹ̀.



Ní etíkun yẹn, apẹja kì í wọ bàtà wọ ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ Egya Otabil ni wọ́n máa ń bọ́ ọ sí. Tí wọ́n bá ti òkun dé, oníkálukú á wá wọ tiẹ̀, á ra ẹ̀kọ kẹ́ńkè tàbí sìgá, á lọ sílé. Bàbá yẹn á jókòó sójú fèrèsé, á máa ta iyọ̀, á máa ta ọṣẹ, ojú ẹ̀ ò sì ní kúrò lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ máa ṣú, tí sálúbàtà ẹnìkan ṣì wà níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ figbe ta. Ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ yẹn fún un. Igbe ẹ̀ ni wọ́n fi rí bàbá Ekow lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀ dojú dé, tó di igi mú lójú omi. Ilé ló padà kú sí, lórí ẹní ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òkun ń sinmi. Ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, olórí apẹja á gba ọkọ̀ àti àwọ̀n ìdílé ẹ̀, wọ́n á sì máa nàka sí wọn títí. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó máa ń wo abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àfi Otabil.

Ekow sì ti sọ pé Mankessim lòun ń lọ, pé òun fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin nílé ọkọ.

Araba kó sálúbàtà ọmọ ẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Ó fi ìkejì sílẹ̀ níbi tó wà, èyí tó ní okùn àwọ̀ ewé. Ó mọ̀ pé ti Ato ni, ọ̀rẹ́ Ekow. Ìgbà tó nàró ló tó rí i pé mẹ́gáàdì ilé ìtajà ńlá tó wà lódìkejì títì ń wo òun.

Ilé ìtajà yẹn ló ń kó ìdààmú bá a. Ilẹ̀kùn gíláàsì ni, inú ẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó rí ẹja òkun lórí yìnyín níbẹ̀, ojú ẹja náà ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó bi mẹ́gáàdì léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Mẹ́gáàdì ní ìlú Tema ni ọkọ̀ ti gbé e wá.  Láti ọjọ́ yẹn ni Araba ti ń rò ó pé ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin ò ní fẹ́ kí Otabil jókòó sójú fèrèsé.

Ó sọdá títì. Ó bi mẹ́gáàdì bóyá ó rí Ekow.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀. "Ìyá, oníbàárà la mọ̀ níbí. A ò mọ orúkọ."

Ni Araba bá lọ bá Otabil nílé. Bàbá náà ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Araba, ṣé iyọ̀ lo wá rà? O ti pẹ́. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ se ọbẹ̀."

Araba ò lè rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ìdí tó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Otabil wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn kan wá kí òun, pé wọ́n kí òun dáadáa, wọ́n ní àgbà ti dé, kí òun lọ sinmi. Araba béèrè orúkọ wọn. Otabil bó ẹ̀gẹ́ mìíràn.

"Sálúbàtà ta lo kó sábẹ́ aṣọ yẹn?" ló wí.

Araba sọ ọ́ fún un. Ó sọ ti Ato náà.

"Lọ sọ fún olórí apẹja. Báyìí báyìí."

"Egya, wọ́n á gba ọkọ̀ wa."

"Ọkọ̀ ni wọ́n á gbà." Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi ò lè lọ. Mo ti ṣèlérí fún àwọn tó wá kí mi. Ìwọ lo bí ọmọ."

Araba jáde, ó dojú kọ ilé olórí apẹja. Nígbà tó dé ìkóríta, ó tún rí mẹ́gáàdì yẹn, ó gbé fóònù sétí, ojú ẹ̀ sì wà lára Araba. Bóyá ìyàwó ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Bóyá kì í ṣe ìyàwó. Ẹsẹ̀ Araba yà sí ọ̀nà ilé. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò dáná, ó gbé sálúbàtà lé itan.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Ekow gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ ọn lára, orúnkún ẹ̀ sì bó. Araba dì mọ́ ọn títí apá fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló bi í pé Ato ńkọ́.

"Ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Mo pè é, mo pè é." Ó wo ilẹ̀. "A ò jọ dé, Màmá."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú. Araba ti Ekow wọ yàrá, ó lọ ṣí i. Ìyá Ato ni, abọ́ àgbàdo lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń tibi ọlọ bọ̀.

"Màmá Ekow, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Ato? Ó ní òun àti Ekow jọ ń lọ Mankessim. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù Egya Otabil ṣì ń ṣí ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mi ò bá kọ́kọ́ lọ. Báyìí, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bi."

Araba wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Títì dá páropáro. Gíláàsì ilé ìtajà ńlá ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Sálúbàtà olókùn àwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ní ibi tó hàn gbangba, bí ìyá Ato bá lè bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń wò báyẹn?" ìyá Ato béèrè. "Màmá Ekow?"

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Araba wí. "Ẹ má bi mí mọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà tún kan án, ó pe orúkọ ẹ̀. Araba gba yàrá lọ bá Ekow.